Pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jíípù nílé: kí ni àwọn nọ́ńbà ara gálọ́ọ̀nù ń sọ?

Iṣẹ́ pípààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò le. Ẹni tí ó bá ti lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ táyà tí ó jò lójú pópó lè ṣe é. Ohun tí ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú ni ìpinnu tí ó ṣáájú iṣẹ́ náà: irú ọ́ìlì wo ni kí a rà, báwo ni ó ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó, ìgbà wo ni ó sì tó àsìkò. Mẹkáníìkì a sọ tirẹ̀, ẹni tí ń ta ọ́ìlì a sọ ohun mìíràn, ìwé tí ó bá mọ́tò wá a sì tún sọ ohun tí kò bá ti àwọn méjèèjì mu. Nínú àlàyé yìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni n ó máa tọ́ka sí kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́nká, ìyẹn Toyota Highlander ti ọdún 2008 sí 2013, èyí tí ó ní ẹ́ńjìnnì V6 onílítà 3.5 tí Toyota ń pè ní 2GR-FE. Jíípù yìí pọ̀ lójú títì wa láti Èkó dé Ìlọrin, ẹ́ńjìnnì kan náà sì ni ó wà nínú Sienna, Camry V6, RAV4 V6 àti Lexus RX 350 ìgbà náà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ lè máa bá wa lọ, ṣùgbọ́n kí ó fi iye tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ tirẹ̀ rọ́pò iye tí mo bá dárúkọ. Ìwé yẹn, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ sára ìdérí ẹnu tí a ń gbà da ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì, ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí mẹkáníìkì, lórí ọlọ́jà, àti lórí èmi náà.

Kí irin má baà ha irin nìkan kọ́ ni ọ́ìlì wà fún. Ó ń gbé ooru kúrò níbi tí omi rédíétọ̀ kò lè dé, ó ń kó èérí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí bẹntiróòlù bá jó, ó sì ń dáàbò bo irin kúrò lọ́wọ́ ìpẹtà. Nínú 2GR-FE, ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kò gbé fún un: agbára tí ọ́ìlì fi ń tì ni ètò tí Toyota ń pè ní VVT-i ń lò láti yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí àti èyí tí ó ń pa padà, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ bá ṣe ń tẹ iná. Ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá níbẹ̀ tóóró púpọ̀. Ọ́ìlì tí ó bá ti di ẹrẹ̀, tàbí tí ó ki ju bí ó ti yẹ lọ, kì í tètè dé ibẹ̀, ọkọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà tàbí kí iná ẹ́ńjìnnì tàn láìjẹ́ pé ohun èlò kankan bàjẹ́.

Àwọ̀ ọ́ìlì ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ. Ẹnì kan a fa géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, a rí i pé ọ́ìlì ti dúdú, a sì sáré lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn a rí i pé ó ṣì mọ́, a sì fi í sílẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣìnà. Wọ́n máa ń po kẹ́míkà kan mọ́ ọ́ìlì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣí èérí kúrò lára irin, wọ́n sì ń po òmíràn mọ́ ọn tí yóò gbé èérí náà dání kí ó má baà ṣù jọ. Bí omi ìfọṣọ ṣe ń dúdú nítorí pé ọṣẹ ń ṣiṣẹ́ ni ọ́ìlì tí ó dára ṣe ń dúdú. Ohun tí ó ń pa ọ́ìlì gan-an kò ṣeé fi ojú rí. Àwọn kẹ́míkà náà ń tán díẹ̀díẹ̀, ooru ń sọ ọ́ di kíki, bẹntiróòlù tí kò jó tán ń ṣàn wọ inú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìrì omi sì ń kóra jọ bí ọkọ̀ kì í bá rìn jìnnà tó láti gbóná dáadáa. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bani: bí ọ́ìlì bá funfun rúsúrúsú lórí géèjì tí ó sì ń hó, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá pípààrọ̀ ọ́ìlì.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àwọn nọ́ńbà. Ẹ ó rí 5W-30, 0W-20, 10W-40 tàbí 20W-50 lára gálọ́ọ̀nù. Àjọ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, SAE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1905, ni ó ṣe ìlànà yìí. Àwọn nọ́ńbà náà kò sọ bí ọ́ìlì ṣe dára tó, wọn kò sì sọ bí ooru tí ó lè gbà ṣe pọ̀ tó, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò; bí ó ṣe ki tó ni wọ́n ń sọ, ní ipò méjì. Èyí tí ó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣe nígbà òtútù: wọ́n ń dán 5W wò bóyá ẹ́ńjìnnì á lè yí nínú rẹ̀ nígbà tí òtútù bá dé −30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréètì, wọ́n sì ń dán 0W wò ní −35. Èyí tí ó wà lẹ́yìn W ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn èyí, ọ́ìlì 30 gbọ́dọ̀ wà láàárín 9.3 sí 12.5, 40 láàárín 12.5 sí 16.3, 50 láàárín 16.3 sí 21.9. Nítorí náà, ọ́ìlì 50 lè ki tó ìlọ́po méjì ọ́ìlì 30 nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná. Kò sí ọ́ìlì tí ń ki sí i bí ó bá ṣe ń gbóná o. Gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣàn sí i. Ohun tí 5W-30 ṣe ni pé kò ṣàn tó bí ọ́ìlì 5W lásán ì bá ti ṣàn.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì wa a máa sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé òyìnbó tí ó kọ 5W-30 sínú ìwé kò mọ oòrùn Ìbàdàn, àti pé 20W-50 ni ó lè dúró. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ooru ìta kọ́ ni ó ń pinnu ooru inú ẹ́ńjìnnì. Nínú 2GR-FE, ohun èlò tí ń ṣàkóso ooru omi, tí wọ́n ń pè ní tàmósítáàtì, kì í bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àfi bí omi bá gbóná dé nǹkan bí 80 sí 84, ìbáà jẹ́ Èkó ni ọkọ̀ wà tàbí Chicago. Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ rédíétọ̀ àti fáànù ni láti má jẹ́ kí ó kọjá ibi tí ó yẹ. Ìwé kan náà ni Toyota fún àwọn tí wọ́n ń wakọ̀ yìí ní ìlú Phoenix ní ìpínlẹ̀ Arizona, níbi tí ooru ti máa ń kọjá 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Èkó kò sì gbóná tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbóná jù, rédíétọ̀, fáànù tàbí tàmósítáàtì ni kí a yẹ̀ wò. Tàmósítáàtì náà sì ni àwọn kan máa ń yọ sọnù níbí, èyí tí kò yẹ kí a ṣe.

Síbẹ̀, kí a má fi gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Ìwé Toyota fúnra rẹ̀ sọ pé ọ́ìlì tí ó ki díẹ̀ sí i lè dára jù bí a bá ń sáré púpọ̀ tàbí bí ọkọ̀ bá ń gbé ẹrù tí ó wúwo gidigidi. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó, tí ó ti ń jẹ ọ́ìlì, lè jàǹfààní lára ọ́ìlì tí ó fi ìpele kan ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fún àpẹẹrẹ kí a kúrò ní 5W-30 bọ́ sí 5W-40. Ohun tí mo ń tako ni fífò láti 0W-20 sí 20W-50 nínú ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe ohunkóhun. Àwọn Highlander V6 kan, pàápàá àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dé, kọ 5W-30 sórí ìdérí wọn. Àwọn tí wọ́n dé gbẹ̀yìn kọ 0W-20, ìwé wọn sì gbà wá láyè láti lo 5W-30 bí a kò bá rí 0W-20, kí a sì padà sí 0W-20 nígbà tí a bá tún máa pààrọ̀. Ẹ ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kí ẹ ka ìdérí tiyín.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, àwọn lẹ́tà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò rárá, bẹ́ẹ̀ ni, lójú tèmi, wọ́n ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọ́ìlì náà lọ. API, àjọ àwọn elépo rọ̀bì ní Amẹ́ríkà, ni ó ń fi wọ́n síta: èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S wà fún ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C wà fún ti dísù. Bí lẹ́tà kejì bá ṣe jìnnà sí A tó ni ìlànà náà ṣe jẹ́ tuntun tó. SM dé ní ọdún 2004, SN ní 2010, SP ní 2020. Èyí tí ó tuntun lè ṣiṣẹ́ dípò èyí tí ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti pẹ́ kò lè ṣe ti tuntun. API sọ ọ́ kedere pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ọdún 1988. Síbẹ̀, a ṣì ń rí gálọ́ọ̀nù 20W-50 tí wọ́n kọ SF sí lára lórí àtẹ, wọ́n sì ń dà á sínú ọkọ̀ ọdún 2010. Fún Highlander yìí, SN tàbí SP ni kí ẹ máa wá.

Ní ti ọ́ìlì sintẹ́tíìkì (èyí tí wọ́n fi ìmọ̀ kẹ́míkà ṣe) àti ọ́ìlì lásán, èyí àkọ́kọ́ máa ń pẹ́ kí ooru tó bà á jẹ́, ó sì ń tètè dé òkè ẹ́ńjìnnì nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sí ọkọ̀ láàárọ̀. Kì í ṣe òótọ́ pé ẹ́ńjìnnì máa bàjẹ́ bí a bá po méjèèjì pọ̀ tàbí bí a bá kúrò nínú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ yín lógún jù ni pé kí ọ́ìlì náà jẹ́ ojúlówó. Àwọn oníjìbìtì ń ṣa gálọ́ọ̀nù òfìfo, wọn a sì rọ ọ́ìlì ayédèrú sínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra ọ́ìlì lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ lè padà tọ̀ lọ, ẹ wo òǹtẹ̀ abẹ́ ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì dá gálọ́ọ̀nù tiyín lu kí ẹ tó sọ ọ́ nù.

Iye tí a ó dà ni ìṣòro tí ó tẹ̀ lé e. Gálọ́ọ̀nù kan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà, nítorí pé gálọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ti ń rà fún Corolla láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń wakọ̀. Gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tí a ń tà níbí sábà máa ń jẹ́ lítà 4 tàbí 5. Bí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà pa pọ̀, lítà 6.1 ni 2GR-FE ń gbà; Highlander onílítà 2.7, tí ó ní sílíńdà mẹ́rin, ń gba lítà 4.4. Ẹni tí ó bá da gálọ́ọ̀nù onílítà 4 kan sínú V6 tí ó sì pa bónẹ́ẹ̀tì dé ti fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí ó nílò. Àwọn tí wọ́n ń ka ìwé ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà tún ní láti ṣọ́ra, nítorí pé wọ́n á rí 6.4 níbẹ̀. Kúọ́ọ̀tù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìyẹn, kì í ṣe lítà, kúọ́ọ̀tù kan kò sì pé lítà kan. Ọ́ìlì tí ó bá pọ̀ jù náà kò dára: irin tí ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì a máa lu ú títí yóò fi hó, afẹ́fẹ́ a dàpọ̀ mọ́ ọn, ọ́ìlì tí ó bá sì kún fún afẹ́fẹ́ kò lè dáàbò bo nǹkan kan.

Ní ti àsìkò, ẹ kọ́kọ́ wo dáṣíbọ́ọ̀dù yín bóyá máìlì ni ó ń kà tàbí kìlómítà. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ń ka máìlì, mẹkáníìkì a sì lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé kí ẹ padà wá lẹ́yìn 5,000, láìsọ 5,000 kí ni. Máìlì 5,000 jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 8,000; ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ìlànà Toyota fún ọkọ̀ yìí ni máìlì 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ dé. Àwọn tí ó ń lo 0W-20 sintẹ́tíìkì lè lọ títí dé 10,000 máìlì tàbí ọdún kan ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìwé náà yọ àwọn tí wọ́n ń rìn lójú ọ̀nà eléruku, àwọn tí ń gbé ẹrù wúwo, àti àwọn tí ọkọ̀ wọn ń dúró tanná fún ìgbà pípẹ́ sílẹ̀ kúrò nínú ìyẹn. Ẹni tí ó bá mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba mọ ìdí rẹ̀: ẹ́ńjìnnì lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì kí ọkọ̀ má sì tíì rin máìlì mẹ́wàá. Fún wa níbí, máìlì 5,000 ni kí a dúró sí, ìbáà jẹ́ sintẹ́tíìkì ni a dà. Bí a bá ń lo ọ́ìlì lásán nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lójoojúmọ́, èmi kò ní dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ìtàn kan wà tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ àsìkò kì í ṣe ti ẹni tí ń ta ọ́ìlì nìkan. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí Toyota ṣe láàárín ọdún 1997 sí 2002, tí V6 onílítà 3.0 tí ó wà nínú Highlander àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ọ́ìlì máa ń di ẹrẹ̀ dúdú tí ó ń dí ojú ọ̀nà nínú ẹ́ńjìnnì. Ariwo pọ̀ títí ilé-iṣẹ́ náà fi gbà láti máa tún wọn ṣe fún ọdún mẹ́jọ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ta ọkọ̀ náà. Àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ni kò fi ààyè gba ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó pààrọ̀ ọ́ìlì.

Iná méjì ni ó tún ń da ènìyàn rú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tí wọ́n kọ MAINT REQD sí kì í wọn ọ́ìlì rárá. Máìlì ni ó ń kà, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí 5,000 pé, yóò sì dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá gbàgbé láti dá a padà sí òdo, yóò máa tàn lórí ọ́ìlì tuntun. Èyí tí ó ní àwòrán agolo ọ́ìlì pupa yàtọ̀ pátápátá. Agbára tí ọ́ìlì fi ń tì ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe bí ó ṣe pọ̀ tó, nítorí náà ọ́ìlì lè ti dín kù gidigidi kí ó tó tàn. Ìgbà tí ó bá tàn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, kí a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí a sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ó kù iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn, ẹ má sì jẹ́ kí ó gbóná dé ibi tí yóò bó yín lọ́wọ́. Ilẹ̀ títẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí gíà wà ní P, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi òkúta di ẹsẹ̀ táyà ẹ̀yìn. Àǹfààní jíípù nìyí: abẹ́ Highlander ga kúrò nílẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, ẹni tí kò sanra lè wọ abẹ́ rẹ̀ láìlo jáàkì. Bí ẹ bá ní láti gbé e sókè, jáàkì nìkan kò tó. Irin ìdúró méjì ni kí ó gbé ọkọ̀ náà dání kí orí yín tó wọ abẹ́ rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ń lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì. Búlọ́ọ̀kù kì í tẹ̀ kí ó tó fọ́. Lójijì ni ó ń fọ́, kò sì sí ẹni tí ó lè yára jáde lábẹ́ ọkọ̀ tí ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ.

Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì lókè, kí ẹ wá wọ abẹ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀tù méjì tí ọ́ìlì ń gbà jáde ni ẹ lè rí, àṣìṣe tí ó sì ń náni lówó jù ni láti ṣí èyí tí kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Bí awakọ̀ bá jókòó, ẹ́ńjìnnì wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, gíà wà ní apá òsì. Nọ́ọ̀tù ti ẹ́ńjìnnì ń gba sípánà 14. Bí ohun tí ó bá jáde bá pupa, ọ́ìlì gíà ni; ẹ tètè dì í padà. Bí ó bá jẹ́ pé ti ẹ́ńjìnnì ni, ẹ gbé báàsì tí ó lè gba ju lítà 6 lọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa kán títí yóò fi dá, kí ẹ má sì kánjú. Ẹ fi wáṣà tuntun sí nọ́ọ̀tù náà kí ẹ tó dá a padà. Agbára tí Toyota ní kí a fi dì í jẹ́ 40 N·m. Lórí sípánà tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20, ìyẹn jẹ́ agbára ẹrù kìlógíráàmù 20 ní ìdí rẹ̀. Kò tó ohun tí ọ̀dọ́kùnrin tí ó fi gbogbo ara tẹ sípánà máa ń lò. Dídì jù ni ó ń jẹ eyín ihò náà, ẹni tí ó bá sì ń ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ máa ń bá irú ihò bẹ́ẹ̀ pàdé, tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí.

Fílítà ni ó gba sùúrù. Ti 2GR-FE kì í ṣe agolo onírin tí a ń fi ọwọ́ yí. Bébà ni, inú ilé kan tí ó ní ìdérí ni ó ń gbé lábẹ́ iwájú ẹ́ńjìnnì. Nọ́ńbà tí ó wà lára páálí ojúlówó rẹ̀ ni 04152-YZZA1, òun ni kí ẹ bèèrè ní Ládípọ̀ tàbí ní Gáàtì Ìbàdàn. Ẹ nílò ife irin tí ó fẹ̀ ní mílímítà 64, tí ó ní igun 14, láti ṣí ìdérí náà. Ẹni tí ó bá fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ṣí i yóò fọ́ ọ. Nọ́ọ̀tù kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìdérí tí a lè kọ́kọ́ yọ kí ọ́ìlì inú rẹ̀ dà jáde, kí ó má baà da sí yín lójú. Rọ́bà roboto méjì, ńlá àti kékeré, wà nínú páálí fílítà tuntun. Ẹ yọ àwọn ti àtijọ́ kúrò pátápátá, nítorí pé bí ẹ bá fi tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ọ́ìlì yóò tú jáde nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi ọ́ìlì tí ó mọ́ ra rọ́bà tuntun lára, ẹ rí i pé ọ̀pá ihò tí ó wà láàárín fílítà kò sọnù mọ́ bébà àtijọ́, kí ẹ sì di ìdérí náà ní 25 N·m, nọ́ọ̀tù kékeré ní 13.

Àwọn kan máa ń da kẹrosíìnì tàbí dísù sínú ẹ́ńjìnnì ní àkókò yìí, wọn a tanná sí i fún ìgbà díẹ̀ pé àwọn ń fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe é. Díẹ̀ yóò ṣẹ́kù nínú ẹ́ńjìnnì, yóò sì sọ ọ́ìlì tuntun di ṣíṣàn; ẹrẹ̀ tí ó bá sì ṣí lójijì lè lọ dí ẹnu páǹpù tí ń fa ọ́ìlì. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti dọ̀tí ni kí a fi ọ́ìlì tí ó dára fọ̀, kí a tètè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín àkókò kúkúrú.

Ẹ da nǹkan bí lítà 5.5 sí i, ẹ dé e, kí ẹ sì tanná. Iná ọ́ìlì pupa yóò kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí kò bá kú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá kú, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ wo ìdí nọ́ọ̀tù àti ìdí fílítà bóyá ó ń jò, kí ẹ wá pa á, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Ẹ fa géèjì, ẹ nù ún, ẹ fi í bọ ihò rẹ̀ padà, kí ẹ tún fà á: èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ gbà gbọ́. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí yóò fi dé àmì F, kí ó má kọjá rẹ̀. Kí ẹ tó pa bónẹ́ẹ̀tì dé, ẹ wo páìpù kékeré tí ó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i. Lára àwọn V6 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, apá kan páìpù yìí jẹ́ rọ́bà, ó sì máa ń bẹ́, tí gbogbo ọ́ìlì yóò sì tú dànù lójú ọ̀nà. Toyota ṣètò nígbà náà láti fi ti onírin rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tí ó wọ ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é fún. Bí tiyín bá ṣì jẹ́ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tún rìnrìn àjò jíjìn.

Láti dá MAINT REQD padà, ẹ tan kọ́kọ́rọ́ kí ẹ sì gbé òǹkà sí trip A, ẹ pa á, ẹ tẹ bọ́tìnnì òǹkà náà mọ́lẹ̀, ẹ tún tan kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì má jọ̀wọ́ bọ́tìnnì náà títí iná yóò fi kú. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye máìlì sílẹ̀.

Ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tí ó wà nínú báàsì ni ó kù. Dídà á sí gọ́tà tàbí sí ìdí ògiri nítorí ikán jẹ́ àṣà wa, ó sì burú. Àjọ tí ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, EPA, sọ pé ọ́ìlì tí ó jáde lára ọkọ̀ kan ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi jẹ́, ọ̀pọ̀ wa ni kànga sì wà lẹ́yìn ilé wa. Àwọn kẹ́míkà inú rẹ̀ tún lè fa àrùn jẹjẹrẹ bí ó bá ń kan ara lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ rọ ọ́ padà sínú gálọ́ọ̀nù tí ẹ ti tú, kí ẹ tó dá a lu. Àwọn tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà lè gbé e lọ sí ilé ìtajà AutoZone, tí ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbé e lọ sí ibi tí káńsù ìjọba ìbílẹ̀ wọn ti ń gba pàǹtírí fún àtúnlò. Níbí, àwọn kan máa ń ra á káàkiri ọgbà mẹkáníìkì fún àtúnlò; ẹ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ó sún mọ́ yín. Níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ má ṣe po omi, bẹntiróòlù tàbí ọ́ìlì bíréèkì mọ́ ọn, nítorí pé kò ní ṣeé tún lò mọ́.